Ìgbọ̀wọ́ ìdílé sí Kánádà: ìyàwó wà n'Íbàdàn, ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọdún 19, ìyá mi jẹ́ ọdún 68. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. PR ni mí (olùgbé títílọ ní Kánádà), Express Entry, ètò máàkì fún àwọn òṣìṣẹ́, ni mo bá wọlé, Winnipeg ni mò ń gbé. Ìyàwó mi wà n'Íbàdàn. Àwọn ẹbí ti ṣe ìdána, ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀, fọ́tò mi ni wọ́n gbé sórí àga ọkọ. Ìyàwó ní ọmọkùnrin ọdún 19, bàbá ọmọ náà wà láyé. Mo tún fẹ́ mú ìyá mi wá, àti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọdún 27. Mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ń san owó orí. Èwo ló ṣeé ṣe nínú gbogbo èyí? Èló ni yóò ná mi?

ÌyáÌbejì_Calgary
Ẹ kú oríire ìyàwó o, àbúrò. Màá sọ ọ́ ní ṣókí, àwọn tó mọ̀ jù mí lọ yóò là á yéni.

Ìyàwó: ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ìdána tí fọ́tò ti ṣe ọkọ. Ọmọ: ó ṣeé ṣe, kò tíì pé ọdún 22. Ìyá: òfin gbà á, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yẹn kì í ṣí nígbà gbogbo. Àbúrò ọdún 27: ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí. Kánádà kò ní ìlà fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bí Amẹ́ríkà ṣe ní i. Àbúrò tí wọ́n lè gbà ni ọmọ òrukàn tí kò tíì pé 18, tí kò sì ní ọkọ tàbí aya. Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tí kò ní ọkọ, aya, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àǹtí tàbí ọ́ńkù kankan tó lè gbọ̀wọ́ fún tàbí tó ti jẹ́ ọmọ Kánádà tàbí PR. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó àti ìyá, ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiyín. Kí àbúrò wá ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fọ́tò orí àga, nítorí òun ló ń ba fáìlì àwọn ọmọ wa jẹ́ jù lọ.

Láti 11 June 2015, ìgbéyàwó tí ọkọ tàbí aya kò sí níbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò kà fún ìgbọ̀wọ́ mọ́. Ì báà jẹ́ aṣojú ló jókòó síbẹ̀, ì báà jẹ́ fóònù, ì báà jẹ́ Zoom. Àwọn ológun Kánádà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè dé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Alága ìdúró àti alága ìjókòó lè ti parí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n ti ka lẹ́tà ìtọrọ, kí wọ́n ti fa ìyàwó lé bàbá ọkọ lọ́wọ́. Lójú ẹbí, ìyàwó yín ni. Lójú IRCC, àjọ ìwọlé Kánádà, ẹ ò tíì ṣègbéyàwó.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ lọ sílé, kí ẹ̀yin méjèèjì dúró níwájú rẹ́jísírà, kí ẹ gba ìwé. Ọjọ́ yẹn ni ẹ ó kọ síbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ má sì fi ìdána pamọ́. Nínú fọ́ọ̀mù IMM 5532, níbi tí ẹ ti máa sọ ìtàn àjọṣe yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ìdána wáyé, ẹ kọ ọ́ kedere pé ọkọ kò sí níbẹ̀, ẹ sì kọ pé nítorí náà lẹ ṣe lọ sí rẹ́jísìtìrì. Òṣìṣẹ́ tó bá rí fọ́tò ìdána lórí Facebook tí kò sì rí i nínú fọ́ọ̀mù yóò rò pé ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ṣé n kò lè kọ ọ́ sí common-law kí n má baà tún ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Akọ̀wé_Fáìlì
Rárá. Common-law túmọ̀ sí pé ẹ ti jọ gbé inú ilé kan náà fún oṣù 12 gbáko láìdá a dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọdún Kérésì kò tó. Conjugal partner náà wà, ṣùgbọ́n àwọn tí òfin ìlú wọn tàbí ìdènà gidi kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra tàbí kí wọ́n jọ gbé ló wà fún. Tọkọtaya tó lè wọ rẹ́jísìtìrì lọ́la kò sí nínú wọn.

Bàbá_Rẹ́jísìtìrì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti rẹ́jísìtìrì, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ná ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsinmi wọn dànù sílé.

Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà, ẹ ó fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ síta, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí rẹ́jísírà tó fún yín ní ìwé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì tó láti fọwọ́ sí ìfitónilétí. Kí ìyàwó tó ń gbé n'Íbàdàn fi sílẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé, ọjọ́ 21 ti ń lọ sópin. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣàì sí níbẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ lò, ẹ bèèrè bóyá ìjọba ti fún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní àṣẹ láti so ọkọ àti aya pọ̀. Ìwé aláràbarà tí pásítọ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dúró bí ìwé rẹ́jísìtìrì.

Ìbéèrè kan rèé tí ẹ kò dáhùn: ṣé ìyàwó ti fẹ́ bàbá ọmọ rẹ̀ rí? Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni, ìwé ìtúká láti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, irú ti Mápó, tó. Bó bá jẹ́ ti rẹ́jísìtìrì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Ìwé ìtúká àkọ́kọ́ tí ilé-ẹjọ́ gíga ń fúnni, ìyẹn decree nisi, kò tíì tú ìgbéyàwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló ń di absolute. Ẹni tó bá wọ rẹ́jísìtìrì nínú oṣù mẹ́ta yẹn, òfo ni ìgbéyàwó tuntun náà. Mo ti rí ìwé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tó sọ pé òun tú ìgbéyàwó rẹ́jísìtìrì ká. Bébà lásán ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Ẹ dákun, màá fi ti ẹlòmíràn bọ̀ ọ́. Ẹnì kan ṣe ìdána ní Sátidé, òun gan-an dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ní Tuesday ó wọ bàálù, ó dé Toronto, ó sọ ní ibodè pé àpọ́n ni òun gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù Express Entry. Ọdún kejì ló padà wá ṣe rẹ́jísìtìrì. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ rẹ́jísìtìrì ló kà?

ÌyáÌbejì_Calgary
Ha. Èyí ni baba gbogbo wàhálà.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ìgbéyàwó ni. Bí ọkọ àti aya bá wà níbẹ̀, tí òfin ìlú tí wọ́n ti ṣe é bá gbà á, Kánádà gbà á, ọjọ́ náà ló sì kà. Nítorí náà ẹni yẹn ti ní aya kí ó tó di PR, kò sì sọ.

Ìlà òfin tó mú un ni R117(9)(d) nínú ìlànà ìwọlé Kánádà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: nígbà tí o bá ń gba PR, o gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkọ tàbí aya rẹ àti gbogbo ọmọ rẹ, èyí tó ń bá ọ bọ̀ àti èyí tí kò bá ọ bọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ara àti ti ìwà. Ẹni tí o kò dárúkọ, tàbí tí kò ṣe àyẹ̀wò nígbà tó yẹ, ti jáde kúrò nínú ìdílé rẹ lójú òfin ìgbọ̀wọ́ títí láé. Kì í ṣe ọdún márùn-ún o. Ìyàwó Sátidé wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ìta tí ọkùnrin kò fẹ́ kí ìyàwó ilé mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó àtijọ́ tí ìyẹn kò sì jẹ́ kó lọ ṣe àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, àfi bí òṣìṣẹ́ bá pinnu pé àyẹ̀wò náà kò pọn dandan.

Ọ̀nà àbáyọ kò pọ̀. Ètò àkànṣe kan bẹ̀rẹ̀ ní 9 September 2019, wọ́n sì ti sún ọjọ́ òpin rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ó fàyè gba àwọn tí kò dárúkọ ẹbí wọn, ṣùgbọ́n kìkì bí onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ bá wọlé gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi, tàbí bí ẹnìkan bá ti gbọ̀wọ́ fún òun náà gẹ́gẹ́ bí ọkọ, aya tàbí ọmọ. Ẹni tó bá Express Entry wọlé kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni ẹ̀bẹ̀ lábẹ́ ìpín 25 òfin ìwọlé Kánádà, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ àánú. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ilé ìgbẹ́jọ́ ìgbọ̀wọ́, IAD, kò lè fi àánú wò ó, nítorí lójú òfin ẹni náà kì í ṣe ará ìdílé.

Ohun tó tún burú jù ni pé òṣìṣẹ́ lè yí fáìlì padà sí onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀. Irọ́ nínú ìwé, ìpín 40 òfin kan náà, lè gba PR lọ́wọ́ ènìyàn, kó sì tì í síta fún ọdún márùn-ún. Kí ẹni náà wá lọ́yà kó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí IRCC.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Ẹ̀yin àgbà, kí ló yẹ kó ti ṣe?

Akọ̀wé_Fáìlì
Kó kọ̀wé sí IRCC kí ó tó wọ bàálù pé òun ti gbéyàwó. Fáìlì yóò dúró, ìyàwó yóò ṣe àyẹ̀wò ara, wọn yóò tún máàkì àti owó ìpamọ́ kà, nítorí ìdílé ti di ẹni méjì. Ó ń fa ìdádúró, ó sì lè dín máàkì kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń dákẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n sún ìdána síwájú títí ó fi balẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé a ti pín aṣọ ẹbí.

Alábòójútó
Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà fáìlì tàbí fọ́tò páálí (páspọ́ọ̀tù) síbí. A ti pa méjì rẹ́ láàárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Brampton
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti owó tí ọ̀gá Winnipeg bèèrè. Dọ́là Kánádà ni gbogbo rẹ̀, iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 30 April 2024. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ wo iye tó wà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san.

Fún ìyàwó: owó ìgbọ̀wọ́ $85, owó iṣẹ́ fáìlì $545, owó ẹ̀tọ́ PR $575. Àpapọ̀ rẹ̀ $1,205. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ bọ̀ nínú fáìlì kan náà: $175, kò ní owó ẹ̀tọ́ PR. Títẹ ìka àti yíya fọ́tò fún àwọn méjèèjì: $170. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $1,550. Owó dókítà, ìwé ọlọ́pàá, àti ti VFS (ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé físà) kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè dá $575 dúró di ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a dúró yóò tún dúró de ìwé tí wọ́n máa fi bèèrè rẹ̀.

Kò sí iye owó oṣù kan pàtó tí ẹ gbọ́dọ̀ máa gbà kí ẹ tó lè mú ìyàwó wá, àfi bí ọmọ ìyàwó bá ti ní ọmọ tirẹ̀. Ohun tó ń dínà ni gbígba owó ìrànwọ́ ìjọba láìṣe nítorí àìlera ara, wíwà nínú gbèsè tí ilé-ẹjọ́ kò tíì tú sílẹ̀, tàbí àdéhùn ìgbọ̀wọ́ àtijọ́ tí ẹ kò mú ṣẹ. Owó EI (ìbánigbófò àìríṣẹ́ṣe) àti owó ọmọ kò sí lára owó ìrànwọ́ tí mo ń sọ. Àwọn ará Quebec ní òfin tiwọn, ẹ má fi èyí ṣe ìwọ̀n.

Nǹkan kan tún wà. Ọdún mẹ́ta ni ẹ óò fi jẹ́ onídùúró fún ìyàwó láti ọjọ́ tó bá di PR. Bí ẹ bá kọ ara yín sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìdúró náà ṣì wà lọ́rùn yín. Bó bá gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ọwọ́ yín ni wọ́n ti máa gbà á padà. Òun náà kò sì ní lè mú ọkọ mìíràn wá kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn PR rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Fọ́ọ̀mù wo wá ni kí n kọ́kọ́ kọ?

Akọ̀wé_Fáìlì
IMM 5533 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Òun ni àtòjọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ IMM 1344, fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ ni IMM 5532. Ìyàwó ló ni IMM 0008, fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè PR. Ìyàwó àti ọmọ ọdún 19, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, yóò kọ IMM 5669 àti IMM 5406.

Fọ́ọ̀mù méjì yìí ló ń dá fáìlì padà jù. IMM 5669 fẹ́ ọdún 10 tó kọjá, oṣù sí oṣù, tàbí láti ìgbà tí ènìyàn ti pé 18. Àlàfo oṣù kan péré ti tó. Oṣù tí ẹ kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ pé ẹ kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ ìlú tí ẹ wà. Ọmọ tó ń dúró de JAMB náà yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

IMM 5406 fẹ́ gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, títí kan ọbàkan, títí kan ẹni tó ti kú. Nínú ilé olórogún, kì í rọrùn. Bí àpẹẹrẹ, ìyàwó kọ mẹ́rin torí àwọn mẹ́rin ló mọ̀ sí ọmọ ìyá òun. Àwọn mẹ́jọ tó kù lọ́dọ̀ bàbá kò sí níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà yọ èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà Express Entry jáde, kí ẹ wo àwọn orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ sí i. Òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀.

ÌyáÌbejì_Calgary
Ẹ fi ti ẹ̀rí ìfẹ́ kún un. Fọ́tò kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Ẹ̀rí ìbánisọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú-ìwé 10 lọ. Ẹ má fi gbogbo 20 ṣe fọ́tò ọjọ́ kan náà pẹ̀lú aṣọ òkè kan náà. Ẹ pín in sí ọdún àti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí abẹ́.

WhatsApp tí ẹ fi Yorùbá kọ kò ní ìtumọ̀ lójú òṣìṣẹ́. Ìwé tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ pẹ̀lú àfidáfíìtì ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, ẹbí kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ẹ yan ojú-ìwé díẹ̀ tó lágbára, ẹ san owó ìtúmọ̀ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpè fóònù, rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, àti sítám̀pù ìrìn-àjò inú páálí kò nílò ìtumọ̀ kankan, wọ́n sì wúwo ju "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ.

Bàbá_Rẹ́jísìtìrì
Ó ku àwọn ìwé ilé.

Ìwé ọjọ́ ìbí: ti NPC (àjọ ìkànìyàn) ni kí ẹ lò. Àgbàlagbà tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i yóò gba ìwé ìjẹ́rìísí lọ́dọ̀ NPC kan náà. Àfidáfíìtì ọjọ́ orí láti kọ́ọ̀tù lè tì í lẹ́yìn, kó má dá dúró. Bí ìwé ọmọ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nígbà tí ọmọ ti di ọdún 15, òṣìṣẹ́ lè bèèrè DNA. Ẹ má lọ ṣe é kí wọ́n tó ní kí ẹ ṣe é. Yàrá àyẹ̀wò tí Standards Council of Canada fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbà, èsì sì gbọ́dọ̀ dé 99.8%.

Orúkọ: páálí ní Àjọkẹ́, WAEC ní Ajoke Mary, ìwé ìgbéyàwó ní orúkọ ọkọ. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi fáìlì sílẹ̀, pẹ̀lú àfidáfíìtì àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Bó bá di ẹ̀yìn, ìwé àlàyé ló máa di.

Ìwé ọlọ́pàá: ẹni tó ti pé 18 gbọ́dọ̀ gbà á láti orílẹ̀-èdè tó ti gbé fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léra wọn láàárín ọdún 10 tó kọjá. Ti Nàìjíríà ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ọlọ́pàá, irú èyí tó wà ní Àlàgbọn, Ìkòyí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lórí POSSAP, ìkànnì ayélujára àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tó kàwé ní Kùtọnu kò gbọdọ̀ gbàgbé ti Bẹ̀nẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ kò nílò ìtumọ̀. Ti Britain, ẹ̀ka ọlọ́pàá wọn tó ń jẹ́ ACRO ló ń fúnni.

Àbẹ̀kẹ́_Brampton
Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ ọdún 19 ńkọ́? Ṣé kò ní láti fọwọ́ sí nǹkan kan?

Akọ̀wé_Fáìlì
Ọmọ náà ti kọjá 18, kò sí lábẹ́ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà ó bọ́ nínú ìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé 18 ló ń nílò IMM 5604, tí òbí tí kò bá a bọ̀ yóò fọwọ́ sí pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ ibi tí òbí náà wà, ìwé kọ́ọ̀tù tó fún ìyá ní àṣẹ ìtọ́jú ni wọ́n ń lò.

Ewu tó wà lórí ọmọ ọdún 19 yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọjọ́ orí rẹ̀ dúró lójú kan ní ọjọ́ tí IRCC bá gba fáìlì tó pé. Bí wọ́n bá dá fáìlì padà nítorí pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀, ọjọ́ orí kò dúró, ó ń lọ. Kí ó sì má gbéyàwó, kí ó má kó lọ bá obìnrin gbé, títí tí yóò fi balẹ̀ ní Kánádà. Bó bá gbéyàwó lẹ́yìn tí ọjọ́ orí ti dúró, ó ti jáde nínú fáìlì.

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ìyá mi ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Calgary
Ti ìyá ni owó oṣù ti wọ̀ ọ́. Lóde Quebec, owó tó ń wọlé fún yín gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n LICO (ìlà tí ìjọba Kánádà fi ń mọ ẹni tí owó rẹ̀ kéré) pẹ̀lú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún owó orí mẹ́ta léra wọn. NOA (ìwé ìṣirò owó orí) láti CRA (àjọ owó orí Kánádà) ni ẹ̀rí rẹ̀. Lọ́dún 2024, ìdílé ẹni mẹ́rin, bí ẹ̀yin, ìyàwó, ọmọ, àti ìyá, ń lọ sí $70,972. Owó ìyàwó lè kún tiyín bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kó ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kí òun náà ní NOA.

Ẹ ka orí dáadáa. Bí bàbá bá wà láyé tí wọ́n sì ṣì jẹ́ tọkọtaya, ẹ ka òun náà, bó bá fẹ́ wá, bó bá fẹ́ dúró sílé. Ọdún tí ẹ bá fi $200 kéré, ọdún yẹn ti já, ẹ ó dúró títí mẹ́ta mìíràn yóò fi pé.

Ìdúró fún òbí jẹ́ ọdún 20. Mo mọ̀ pé ìyá ẹni ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àbẹ̀kẹ́_Brampton
Kí ọ̀gá Winnipeg má gbàgbé pé wọn kì í gba fáìlì òbí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Láti 2021 títí dé 2025, inú àwọn tó fi fọ́ọ̀mù ìfẹ́hàn sílẹ̀ láàárín 13 October sí 3 November 2020 ni wọ́n ti ń fa orúkọ yọ. Ẹni tó dé lẹ́yìn ìyẹn kò tilẹ̀ sí nínú agbọ̀n. Ẹ wo ohun tí IRCC sọ fún ọdún tí ẹ bá wà kí ẹ tó fi ìlérí mú ìyá lọ́kàn yọ̀.

Akọ̀wé_Fáìlì
Super Visa, físà ìbẹ̀wò fún òbí, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ó lè jẹ́ ọdún 10, ìyá sì lè gbé tó ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó tí wọ́n ń wò jẹ́ LICO gan-an, láìfi ìdá 30 kún un. Ẹ ó ra ìbánigbófò ìlera tó tó $100,000 fún ọdún kan ó kéré tán, ìyá yóò ṣe àyẹ̀wò ara, yóò sì wà lẹ́yìn odi Kánádà nígbà tí ẹ bá ń bèèrè rẹ̀. Kì í yọrí sí PR fúnra rẹ̀.

Ohun kan sì ya fáìlì ìyá sọ́tọ̀ sí ti ìyàwó àti ọmọ: bí àìsàn bá máa gbọ́n owó ìjọba lọ, bí àìsàn kíndìnrín tó ń gba ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, wọ́n lè kọ PR fún ìyá. Wọn kò lè kọ̀ ọ́ fún ìyàwó tàbí ọmọ nítorí ìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Ẹnì kan ní Ìkẹjà ní òun ń gba owó láti kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má fi orúkọ òun sí i.

Akọ̀wé_Fáìlì
Kí wọ́n sá. Lọ́yà tàbí paralegal (olùrànlọ́wọ́ amòfin) tó ní àṣẹ Kánádà, agbaninímọ̀ràn tí CICC, àjọ àwọn agbaninímọ̀ràn ìwọlé Kánádà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí nótárì Quebec nìkan ló lè gbowó. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú IMM 5476, fọ́ọ̀mù aṣojú. Ẹni tí kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn, tiyín ni irọ́ tó bá kọ, torí ìbuwọ́lùwé yín ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Ìbéèrè méjì péré. Ṣé kí ìyàwó wá fi físà ìbẹ̀wò dé kí a ṣe é níbí? Bí wọ́n bá sì kọ̀ ńkọ́?

Akọ̀wé_Fáìlì
Ó lè bèèrè físà ìbẹ̀wò nígbà tí fáìlì bá ń lọ; òfin gbà pé ènìyàn lè fẹ́ ṣe ìbẹ̀wò, kó sì tún fẹ́ PR. Ẹ kọ ọ́ síta pé fáìlì ìgbọ̀wọ́ wà, ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi fáìlì gan-an sílẹ̀ láti òde. Bí wọ́n bá kọ ti òde, onígbọ̀wọ́ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí IAD. Bí wọ́n bá kọ ti inú Kánádà, ilé-ẹjọ́ Federal Court nìkan ló kù, ọjọ́ 15 lẹ ní, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ fi $5 béèrè GCMS, àkọsílẹ̀ IRCC lórí fáìlì yín, kí ẹ rí ohun tí òṣìṣẹ́ kọ gan-an. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ kì í sọ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ má sì dúró dè é kí ẹ tó gba IAD lọ, torí GCMS lè jẹ ọjọ́ 30 yẹn tán.

Bàbá_Rẹ́jísìtìrì
Kí ìyàwó àti ọmọ tún páálí ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù 12 ni èsì àyẹ̀wò ara ń lò, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ parí láàárín òun àti páálí ni wọ́n sábà máa ń kọ sí COPR, ìwé ìjẹ́rìísí PR, pé kí wọ́n ti balẹ̀. Wọn kì í fi ọjọ́ kún un.

Ògbómọ̀ṣọ́2Winnipeg
Bí ó bá balẹ̀ tán, ṣé ó lè padà wálé fún ìsìnkú bàbá rẹ̀ àgbà kí káàdì tó dé?

Àbẹ̀kẹ́_Brampton
Ó lè jáde. Láti padà wọlé ni ìṣòro: físà inú páálí ti ṣiṣẹ́ tán, ilé-iṣẹ́ bàálù ní Èkó kò sì ní jẹ́ kó wọkọ̀ láìsí káàdì PR. Yóò ní láti gba PRTD (ìwé ìrìnnà fún ẹni tó jẹ́ PR) láti ilé kí ó tó lè wọ bàálù padà. Bí ìsìnkú náà bá ti ní ọjọ́, kí ó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ọjọ́ COPR bá ṣì gbà á.